Alẹ́ Tí Ìyá Oǹdó Lọ Dá Òṣùpá Lóhùn

Òórùn káńfọ̀ ló fà á. Ní àárọ̀ àná, Tómi, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́ níbí, ní ọyẹ́ ń mú òun, ó sì lọ ṣí àpótí mi láti wá aṣọ ìbora. Bó ṣe gbé ìdérí sókè báyìí, òórùn káńfọ̀ tú jáde, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín bí ewúrẹ́ tó fa ata símú. "Màmá, kí ló ń rùn?" Mo ní kì í rùn, ó ń ta sánsán ni. Ó ti ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì fa bùbá kékeré kan jáde, aṣọ òfì aláró tó nípọn, tí kò lè gba ẹni tó ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó ní ta ló ni ín. Mo ní èmi ni. Ó ní irú aṣọ wo nìyí. Mo ní aṣọ ìsìnkú ni. Hẹ̀n! Ó sọ bùbá sílẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì gbá ejò mú, ó sì sáré lọ fọwọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó padà wá jókòó tì mí pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní òṣùpá máa ṣókùnkùn lálẹ́ ọ̀la o, gbogbo rẹ̀ pátá." Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo wo bùbá tó wà nílẹ̀, mo wo ọmọ, mo ní Ọlọ́run, o tóbi. Aṣọ yẹn àti òṣùpá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ìlú le nísinsìnyí, mi ò bá yín jiyàn, èmi náà ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ìlú ti le rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó dé ìgbà kan tí búrẹ́dì di ohun tí à ń gbúròó lẹ́nu ẹni tó ti ìrìn-àjò dé. Ìyá mi ń se ọṣẹ fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ náà sì ń bó wa lára bí ẹni pé a jọ ní gbólóhùn asọ̀ tẹ́lẹ̀. Agolo mílíìkì, ihò bíńtín ni wọ́n ń lu sí i lórí, wọ́n á fi ìwé dí i, ẹni tó bá fà á mu láìgbàṣẹ, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan, wọ́n dá òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Síbẹ̀, láràárọ̀, á dìde, á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á so táì, á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè ibi tó ń lọ.

Ìnira yẹn náà ló bí ilé ìwòràwọ̀ wa. Àdúgbò wa, lọ́nà tó lọ sí Ọ̀bà-Ilé, ti ń dáwó jọ láti kọ́ gbọ̀ngàn onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí a ó máa ṣe ìpàdé nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ dé dẹ́kìn, ilẹ̀ kọnkéré ti òkè, ni sìmẹ́ǹtì bá gbówó lórí, ni iṣẹ́ bá dúró. Kò sí àtẹ̀gùn, kò sí òrùlé, dẹ́kìn gbalasa tí oòrùn ń pa, tí òjò ń pa. Àwọn ìyá fẹ́ máa sá ata sí i. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Tíṣà ló gbà á mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Tíṣà yìí, ará Ìjàrẹ́ ni, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ayé ló ń pè é ní Tíṣà, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ó ní awò gígùn kan tí òyìnbó tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, awò awọ̀nàjíjìn, tó ń sún ohun tó jìnnà mọ́ni. Ó gbé e lọ sí ìpàdé àwọn àgbà, ó ní, "Ilé tí kò lórùlé, kí la tún lè fi ṣe ju ká máa wo ọ̀run lọ?" Àwọn àgbà wo ara wọn. Ni wọ́n bá gbà. Tíṣà mú èédú, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ILÉ ÌWÒRÀWỌ̀ ÀDÚGBÒ. Ó so àkàbà ọparun mọ́ ọn, ó sì ṣòfin. Bàtà ò gbọdọ̀ gòkè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan awò. Ẹni tó bá ti wò tán, kó yà kíá fún ẹni tó kàn. Òfin tó kẹ́yìn yìí ni ìyá bàbá mi wá fọ́ yángá.

Oǹdó ni ìyá bàbá mi ń gbé, Ìyá Oǹdó la sì ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, kò sanra, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹni tó wà lójú títì á dáhùn. Ògidì èdè Oǹdó ló ń sọ. Àwọn ará Àkúrẹ́ tí wọ́n ń pe ilé ní ulé kì í gbọ́ ìdajì rẹ̀, òun náà kì í gbọ́ tiwọn tán, ìyẹn ò sì dí ìjà wọn lọ́wọ́ rí. Èdè tí gbogbo wa gbọ́ ni mo fi ń ròyìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí o, kẹ́nikẹ́ni má wá bá mi wí.

Nígbà tí Ìyá wà lọ́mọdé, alẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá ṣókùnkùn ni ìyá tó bí i kú. Ó dàgbà, ó relé ọkọ, ó bí bàbá mi. Alẹ́ mìíràn tí òṣùpá tún ṣókùnkùn, ọkọ rẹ̀ tó ti ń ṣàìsàn mí kanlẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbà pé ìpè ni. Èyí tó bá tún dé, òun ló kàn. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́: bí ó ti dàgbà tó yẹn, tó bá ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà di ti ọmọ kékeré.

Ó wá di àsìkò ọyẹ́ lọ́dún kan, rédíò kéde pé òṣùpá máa ṣókùnkùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tíṣà fò sókè. Ó ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tó ti ní awò, ó sì lọ ń kéde rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé bí ẹni tó fẹ́ ṣèyàwó. Ìyá náà gbọ́ rédíò yẹn ní Oǹdó. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó di ẹrù rẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu láti Bọ́lọ́rundúró ló gbé e wá. Iwájú ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, àpótí páànù rẹ̀ lórí itan. Bàbá mi dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tòun ti táì, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Ìyá ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo wá kú ni."

Bàbá mi ò lè dìde mọ́. "Ẹ wá kí ni, Ìyá?"

"Mo wá kú. Alẹ́ ọjọ́ òṣùpá. Má da ara rẹ láàmú, mo ti kó gbogbo ohun tí ẹ máa lò dání."

Òótọ́ ló kó o dání. Ó ṣí àpótí lójú gbogbo wa, òórùn káńfọ̀ sì gba ilé kan. Aṣọ òfì aláró ló wà lókè, ìró àti ìborùn tí kò fara kàn rí, tó rà nígbà tí kòkó ṣì ń lówó lórí. Ìbọ̀sẹ̀ funfun wà níbẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́ náà wà níbẹ̀, ọṣẹ gidi, olóòórùn dídùn, tí wọ́n wé nínú ìwé pupa. Mo rí ìyá mi tó ń wo ọṣẹ yẹn. Kí Ọlọ́run dárí jì í, ojú rẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ará Oǹdó kì í fẹ́ kí wọ́n sin òun sílùú onílùú. Tí ẹ bá kú síbí, báwo la ṣe máa gbé yín délé? Epo ò sí, ọkọ̀ ò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀, kí ìlú rọ̀ ná."

"Mo ti bá dẹ́rẹ́bà yìí sọ ọ́," ni Ìyá wí. "Ọjọ́ kejì òṣùpá ló ń padà lọ, ọkọ̀ rẹ̀ á sì ṣófo."

Dẹ́rẹ́bà tó ń sọ iṣu kalẹ̀ ṣí fìlà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. A ti jọ sọ ọ́. Mo ní màá tẹ́ ẹní fún wọn."

Bàbá mi ní, ṣé kò wá sàn kí wọ́n kúkú dúró sí Oǹdó. Ìyá pa àpótí rẹ̀ dé. Ó ní, "Nígbà tí ìyá mi ń kú, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Èmi ò fẹ́ kú láìrí ojú ọmọ mi." Bàbá mi gbé àpótí náà wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá ti ń pín ogún ara rẹ̀. Ìyá mi gba yẹtí góòlù. Bàbá mi gba agboòrùn bàbá tó bí i, Ìyá ní kó máa mú un lọ síbi iṣẹ́, bàbá mi ní ẹ ṣeun, Ìyá, ó sì wo ilẹ̀. Abọ́ tánganran tó kó dání, Ìyá kó o fún Ìyá Sàlámì. Ìyá Sàlámì ni obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wa, tó ń ta ìkòkò àti abọ́ lọ́jà, obìnrin fìrìgbọ̀n tó ń kírun wákàtí márààrún láìyẹ̀. Òun ni ọ̀rẹ́ Ìyá, òun náà ni ọ̀tá rẹ̀, ó kàn dá lórí bí ilẹ̀ bá ṣe mọ́ ni. Gbogbo ènìyàn ló gba nǹkan. Mo na ọwọ́ tèmi, Ìyá ní, "Ìwọ dúró ná, tìrẹ ń bọ̀."

Mi ò tilẹ̀ fẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn dọ́kàn, òun ló máa ń gbè mí bí ìyá mi bá ń nà mí, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń súfèé, èyí tí wọ́n ní ọmọbìnrin kì í ṣe. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn sí, mo sì ń so etí ìró rẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi kí n tó sùn. Mo rò ó pé bí ikú bá wá fà á, á fa èmi náà, màá sì lọgun.

Tíṣà gbọ́, ó wá sílé wa láti wá là á yé Ìyá. Ó gbé àtùpà kalẹ̀, ó ní oòrùn nìyí. Ó gbé ọsàn kan sílẹ̀, ó ní ayé wa nìyí. Ó mú àgbálùmọ̀ kan, ó ní òṣùpá nìyí. "Ẹ wò ó, Màmá, bí ayé bá bọ́ sí àárín, á dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́ òṣùpá lójú. Òjìji lásán ni." Ó yíjú láti tún àtùpà ṣe. Nígbà tó fi máa yíjú padà, Ìyá ti fa òṣùpá mu tán, ó ń pọ́n kóró rẹ̀ lá.

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Màmá, láti ìgbà tí bàbá ti kú, òṣùpá ti ṣókùnkùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀ ń sùn ni."

"Ìgbà tí mo ń sùn, mi ò gbọ́ ìpè," ni Ìyá dáhùn. "Ẹni tí kò gbọ́ ìpè kì í jẹ́. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, mo gbọ́. Orí rédíò ló ti pè mí."

Tíṣà kó ọsàn àti àtùpà rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bínú yíjú padà. "Ó dáa, Màmá. Bó bá jẹ́ pé ó ń pè yín lóòótọ́, ẹ wá sórí dẹ́kìn wa, kí ẹ dá a lóhùn lójúkorojú. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ sá pamọ́ sí yàrá?" Mo rí i pé Ìyá ò lá kóró àgbálùmọ̀ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà dé. Nítorí pé ẹni tó fẹ́ kú ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ gidi, ìyá mi pa àkùkọ kan ṣoṣo tó kù wá kù, ó gún iyán nínú iṣu Bọ́lọ́rundúró, ó se ẹ̀gúsí. A ò tíì rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Itan adìyẹ ni wọ́n bù sínú abọ́ Ìyá, odindi. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òkèlè àkọ́kọ́ ni ariwo ta níta pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó rọra fọ ọwọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi bo iyán mi. Bí mo bá padà, màá jẹ ẹ́. Bí mi ò bá padà, kí ọmọ yìí jẹ ẹ́."

Ẹ wo irú ọ̀ràn tí wọ́n kó bá ọmọdé! Ebi ń pa mí, itan adìyẹ ń wò mí, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́dún náà tí oúnjẹ kọ̀ tí kò wù mí. Èmi ni mo bo abọ́ náà. Mo di etí ìró Ìyá mú, a jáde.

Ìyá ní dẹ́kìn lòun ń lọ, òun fẹ́ dá a lóhùn. Báwo ni ìyá arúgbó ṣe máa gun àkàbà ọparun? Àwọn ọkùnrin ní àwọn á gbé e. Ìyá ní láéláé, ọkùnrin kankan ò ní dúró sábẹ́ àkàbà kó máa wo abẹ́ ìró òun, òun ò tíì kú. Ni Ìyá Sàlámì bá pàṣẹ, "Gbogbo ọkùnrin, ẹ kọjú sí ògiri!" Wọ́n kọjú sí ògiri, àgbà àti ọmọdé, olórí àdúgbò pàápàá. Ìyá mi ń fà á lókè, Ìyá Sàlámì fi èjìká tì í nísàlẹ̀, ó ń ké bísímílà ní gbogbo ìgbésẹ̀. Tíṣà náà kọjú sí ògiri. Òṣùpá tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ ti ń ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbójú sókè nìkan, òun ò ní wo àkàbà. Wọn ò gbà fún un.

Nígbà tí gbogbo wa fi gòkè tán, òṣùpá ti di ìlàjì. Nísàlẹ̀, ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa láyé ìgbà náà, bí òṣùpá bá ń ṣókùnkùn, òun àti oòrùn ló ń jà, ẹni tó bá níwà ọmọlúàbí kò sì ní dúró máa wòran ìjà. Gbogbo obìnrin àdúgbò ti kó ìkòkò Ìyá Sàlámì jáde, wọ́n ń fi orógùn lù ú gbà-gbà-gbà, wọ́n ń ké pé, "Ẹ tú wọn ká! Ẹ là wọ́n!" Àwọn kan lára wọn ń gún odó òfìfo. Àwọn mùsùlùmí tò sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń kírun. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kò fẹ́ gbẹ́yìn, wọ́n ń kọrin. Dẹ́kìn ń gbọ̀n. Tíṣà ń sáré kiri, ó ń pariwo pé, "Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ènìyàn yìí! Òṣùpá ń jó nínú awò!"

Ìyá ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ wò. Ó fojú sí awò. Ó fò sẹ́yìn, ó ní "Yéè!" Ó tún fojú sí i. Ó wò ó, ó wò ó. "Òṣùpá tí mo ń bẹ̀rù láti kékeré, àpá ló kún ojú rẹ̀ báyìí? Ṣé ilẹ̀gbóná ló ṣe é ni?" Ó mi orí. "Háà, pẹ̀lẹ́ o. Ojú ìwọ náà ti rí nǹkan."

Láti ìgbà yẹn, kò kúrò nídìí awò mọ́. Ìlà àwọn tó fẹ́ wò ti yí dẹ́kìn po. Ẹnì kan rọra sọ pé, "Màmá, ẹ yà fún wa díẹ̀." Ìyá ò yíjú. "Ṣé ìwọ náà ló fẹ́ kú ni?" Tíṣà tó ni awò náà lọ tò sẹ́yìn ìlà.

Nígbà tí òjìji bo gbogbo rẹ̀ tán, òṣùpá pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ. Àwọn ìràwọ̀ tí a ò rí tẹ́lẹ̀ yọ jáde gbogbo. Ìkòkò dákẹ́ fúnra wọn, orin dákẹ́. Ìyá náà dákẹ́. Kò mira. Bàbá mi tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pè é, "Ìyá?" Kò jẹ́. Ó tún pè, "Ìyá!" Kò jẹ́. Ni bàbá mi bá wó lulẹ̀ tòun ti táì rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ìyá mi ti lọ o!" Ìyá Sàlámì figbe ta, gbogbo dẹ́kìn gbà á, ìsàlẹ̀ gbà á, àwọn akọrin sì gbé orin òkú lójú ẹsẹ̀. Èmi ò lè sunkún. Mo kàn di etí ìró náà mú, mo sì ń fà á.

Ìyá, tí ojú rẹ̀ ṣì wà lára awò, ní, "Ta ló kú?"

Bàbá mi gbé orí sókè nílẹ̀.

"Ẹ dákẹ́, ẹ ń dí mi lọ́wọ́. Ó ń mọ́ bọ̀."

Òótọ́ ni. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ti yọ bí etí èékánná. Ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá gbójú kúrò lára awò, ojú rẹ̀ rin gbingbin. Ó wò mí, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ kékeré yẹn. Ó ní, "Lálẹ́ ọjọ́ tí ìyá mi kú, mo rí i tó ṣókùnkùn, mo sáré wọ abẹ́ ẹní, mo di ojú mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Ti bàbá rẹ àgbà náà, mo di ojú mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa ń padà." Ó fi etí ìró tí mo dì mú yẹn nu ojú. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, wọ́n jọ ń wo òkè. Ibẹ̀ ni mo tó rí ẹkún sun.

Kí òṣùpá tó mọ́ tán ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn tó kírun ní ìrun àwọn ló dá a padà. Àwọn akọrin ní orin ni. Àwọn olódó àti oníkòkò ní àwọn ló là wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn ì bá ti pa á. Tíṣà ní ìṣirò ni. Wọ́n ní kó lọ jókòó. Ní tirẹ̀, gbogbo ohun tó rí nínú awò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ò ju ìrù òjìji lọ, nítorí ìgbà tí Ìyá máa fi dìde nídìí rẹ̀, ó ti ń parí. Bí àwọn ọkùnrin ṣe tún kọjú sí ògiri nìyẹn, Ìyá sọ̀kalẹ̀, ó délé, ó ṣí abọ́ rẹ̀. Iyán ti tutù, ó ti le. Ó jẹ ẹ́. Ó fi itan adìyẹ lé mi lọ́wọ́, mo sì jẹ ẹ́ dé eegun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, dẹ́rẹ́bà dé. Ó dé fìlà dúdú, ó fa ojú ro, ó ti tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí sínú ilé, "Ẹ kú ìrójú o." Ìyá jáde pẹ̀lú orín lẹ́nu, ó ní, "Kú ìrójú náà o. Ṣé o ti jẹun?" Dẹ́rẹ́bà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, fìlà rẹ̀ ló fi sílẹ̀. A rí i mú ní ìkóríta. Nígbà tó fi máa gbàgbọ́ pé ènìyàn ni Ìyá, kì í ṣe iwin, inú ti bí i, ó ní òun ti kọ ẹrù ẹlẹ́rù nítorí òkú. Ìyá ní kó má bínú, iwájú lòun máa jókòó sí.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó gba ogún rẹ̀ padà. Ó bọ́ yẹtí létí ìyá mi bó ṣe ń dáná. Ó gba agboòrùn, ó wá ro ó, ó dá a padà fún bàbá mi, ó ní, "Mú un dání. Iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀." Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ọṣẹ kò ṣeé gbà padà: nínú ayọ̀, ìyá mi ti fi wẹ gbogbo wa ní ìdájí, a sì ń ta sánsán bí ọmọ olówó. Abọ́ ló dìjà. Ìyá Sàlámì ti kó o lọ sọ́jà, ó sì ti ta èyí tó tóbi jù. "Ìwọ ọ̀rẹ́ burúkú, o ò lè dúró kí n kú tán?" "Ìyá Oǹdó, ẹ̀yin lẹ pe ọjọ́, tí ẹ ò mú àdéhùn ṣẹ!" Wọ́n bú ara wọn dáadáa, wọ́n sì sunkún nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra.

Ìyá wá pè mí. Ó gbé aṣọ òfì yẹn lé mi lápá. Ó ní, "Tìrẹ ń bọ̀ ni mo sọ. Kí wọ́n fi rán aṣọ Kérésìmesì fún ọ. Òkú tó ni ín ti lọ sílé." Lọ́dún tí kò sẹ́ni tó rántí rán aṣọ fún ọmọ, èmi wọ òfì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìró àti bùbá. Ó nípọn débi pé apá mi ò ká. Òórùn káńfọ̀ sì lé gbogbo àwọn tó jókòó tì mí sún síwájú, èmi nìkan ni mo ni bẹ́ǹṣì.

Ìyá lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ní Oǹdó ló ti kú, lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ràn, kò sí òṣùpá kankan lójú sánmà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀pà tán ni. Bàbá mi wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ti di abiyamọ, ọwọ́ mi ló dì mú. Nígbà tí wọ́n ń wá aṣọ, mo mú òfì náà wá, a tú ìró, a fi bò ó. Bùbá ni mo fi pamọ́. Òun ni Tómi sọ sílẹ̀ lánàá yẹn.

Wọ́n ti bo gbọ̀ngàn àdúgbò wa báyìí. Ìlú rọ̀ nígbà tó yá, sìmẹ́ǹtì wá, wọ́n kan páànù sí i, wọ́n ń fi háyà fún ìgbéyàwó. Ẹni tó bá dúró sókè ibẹ̀ lónìí, àjà ilé ló máa rí. Tíṣà ti lọ, Ìyá Sàlámì ti lọ. Kò sẹ́ni tó ń lu ìkòkò mọ́. Fóònù ló ń sọ fún yín ìgbà tí òṣùpá máa lọ àti ìgbà tó máa dé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kí fóònù ti wà nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan wà lábẹ́ ẹní ní Oǹdó.

Mo ti dàgbà ju bí Ìyá ṣe dàgbà tó lálẹ́ ọjọ́ yẹn lọ. Àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, àkọ́bí mi pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ wá lọ síta nínú ọyẹ́? Ẹ jókòó sílé." Mo ní mo gbọ́. Tómi gún iyán fún mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òkèlè àkọ́kọ́ ni ọmọ náà figbe ta láti àgbàlá pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo fọ ọwọ́. Mo mú bùbá kékeré yẹn, mo gbé e lé èjìká.

"Tómi, wá bá mi bo iyán mi. Mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́."